Rẹ́gírẹ́gí Lohun Ẹni Ń Bá Ni Mu: Bí Iṣan Itan Ṣe Ń Di Iṣan Inú

Ẹ̀yin tí ẹ ti dá owó oṣù yìí, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dá a, a ṣì ń retí yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni mo fẹ́ sọ lójú ìwé yìí lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wa ló sì ti wá.

Ní ọjọ́ ìdáwó kan lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn màmá ẹgbẹ́ wa, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ rírán, wá bá mi nídìí tábìlì. Ó ní òun fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó pàjáwìrì. Mo béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni òfin wa wí. Màmá jókòó, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní àbúrò àwọn ọkùnrin tí ó ń gbé ní Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Ní ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà, wọ́n la inú rẹ̀, wọ́n sì fi páìpù aṣọ rọ́pò olórí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ níbẹ̀. Ara rẹ̀ yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àfi bí ibà ṣe bẹ̀rẹ̀, tí kò lọ mọ́, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, tí ó sì ń rù. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní aṣọ inú rẹ̀ ti kẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò yọ ọ́ kúrò, àti pé iṣan itan òun fúnra rẹ̀ ni àwọn yóò yọ láti fi ṣe òmíràn.

"Akọ̀wé," màmá sọ fún mi, "gbogbo ilé ló ti dìde. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ta ló gbọ́ ọ rí, pé ká yọ iṣan itan ká fi sínú ikùn? Ẹsẹ̀ náà kò ní rọ báyìí? Ọ̀la ló fẹ́ dá dókítà lóhùn, èmi ló sì ń fetí sí jù nínú gbogbo wa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi wò ó. Ṣé kí n ní kó gbà ni, àbí kí n ní kó kọ̀?"

Ẹ̀yin ará, ìwé tí mo kà kò kọjá sẹ́kọ́ńdírì, n kì í sì í ṣe dókítà. Mo sọ fún màmá pé n kò lè sọ pé kó gbà, n kò sì lè sọ pé kó kọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀kan nínú wa jẹ́ oníṣẹ́ abẹ, nítorí náà àwa méjèèjì dìde, a lọ bá a nílé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí ó là yé wa, àti èyí tí mo ti kà kún un láti ìgbà náà, ni mo fẹ́ sọ fún yín. Màmá àti àbúrò wọn fọwọ́ sí i pé kí n kọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni.

OLÓRÍ IṢAN Ẹ̀JẸ̀

Oríṣi iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ló wà lára wa. Ọ̀kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn lọ sí gbogbo ara, èkejì ń gbé e padà bọ̀ wá sínú ọkàn. Ẹ jẹ́ ká pe ti àkọ́kọ́ ní iṣan àlọ, ká pe èkejì ní iṣan àbọ̀. Iṣan àlọ ki, ó sì lágbára, nítorí pé tipátipá ni ẹ̀jẹ̀ fi ń tú jáde láti inú ọkàn. Iṣan àbọ̀ fẹ́lẹ́ jù ú lọ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ń padà bọ̀ ti rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké nínú, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn.

Olórí gbogbo iṣan àlọ ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní aorta. Láti ara ọkàn ló ti jáde. Ó gba inú àyà sọ̀kalẹ̀, ó gba iwájú egungun ẹ̀yìn wọ inú ikùn, nígbà tí ó bá sì dé ọ̀gangan ìdodo, ó pín sí méjì bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ọ̀kan sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan sí ẹsẹ̀ òsì. Nínú ikùn àgbàlagbà, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.

Bí ọjọ́ orí bá ti ń dé, pàápàá fún ẹni tí ó ń mu sìgá tàbí tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, iṣan yìí lè rọ̀ níbì kan, kí ó wú síta bíi tíúbù kẹ̀kẹ́ tí ó yọ kókó. Bí ó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 3, àwọn dókítà á ní ó ti wú. Bí ó bá tó 5.5 lára ọkùnrin, wọ́n sábà máa ń ní ó tó àkókò láti tún un ṣe, nítorí pé bí ó bá bẹ́, ọ̀pọ̀ ni kì í dé ilé ìwòsàn láàyè. Lára àwọn ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, kì í wú; dídí ló ń dí, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè dé ẹsẹ̀ dáadáa mọ́. Èyí ó wù kó jẹ́, wọ́n nílò ohun tí wọn yóò fi rọ́pò ibi tí ó bàjẹ́.

BÍ AṢỌ ṢE DÉ INÚ ARA

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1951, ní ìlú Paris, oníṣẹ́ abẹ kan tí ń jẹ́ Charles Dubost gé irú iṣan wíwú bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ikùn aláìsàn kan, ó sì fi iṣan òkú ènìyàn rọ́pò rẹ̀. Àṣeyọrí ńlá ni. Ṣùgbọ́n iṣan òkú kò rọrùn láti rí, bí àkókò bá sì ti ń lọ, ó ń bàjẹ́.

Ní New York, dókítà kan wà tí ń jẹ́ Arthur Voorhees. Ní 1947 ó ṣàkíyèsí pé fọ́nrán òwú sílíkì kan tí ó gba inú ọkàn ajá kọjá ti ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń dán bò ó. Ó rò ó wò pé bí ara bá lè fi awọ bo òwú, yóò lè bo aṣọ náà. Ó fi aṣọ ìnujú sílíkì rán páìpù, ó dán an wò lára ajá. Nígbà tí ó di 1952, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé jáde lórí páìpù tí wọ́n fi aṣọ Vinyon-N rán.

Ní Houston, ní Texas kan náà tí àbúrò màmá ń gbé, Michael DeBakey náà ń wá aṣọ tí yóò bá ara mu. Ó lọ sí ìsọ̀ láti ra náílọ́ọ̀nù, wọ́n ní ó ti tán, Dacron ló kù. Ó rà á bẹ́ẹ̀, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán páìpù. Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ náà sọ ìtàn yìí fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà, màmá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní, "Àṣé télọ̀ ni gbogbo yín!"

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn: aṣọ kì í ṣe ohun búburú. Ẹgbàágbèje ènìyàn ló ń fi í rìn káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni kò sì ní ìyọnu kankan títí wọn yóò fi lọ. DeBakey fúnra rẹ̀, ní ìparí 2005, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 97, olórí iṣan tirẹ̀ ya. Dacron yìí kan náà ni wọ́n fi tún un ṣe, ó sì wà láàyè títí di 2008. Ìyẹn ni pé bí aṣọ bá mọ́, ó dára. Ọ̀ràn máa ń dé nígbà tí kò bá mọ́ mọ́ ni.

NÍGBÀ TÍ AṢỌ BÁ KẸ̀

Nínú 100 ènìyàn tí wọ́n fi irú aṣọ yìí sí lára, ó lè jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì, nígbà mìíràn kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ni kòkòrò àrùn yóò wọ aṣọ wọn. Kòkòrò náà lè ti ara awọ aláìsàn wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, nítorí pé Staphylococcus ń gbé lára awọ gbogbo wa. Ó lè jẹ́ pé egbò kan níbòmíràn ló kẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ wá gbé kòkòrò rẹ̀ débẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ìfun ni aṣọ náà ń fara gbo, títí ó fi dá ihò sí i. Kì í ṣe dandan kó hàn lọ́sẹ̀ kejì. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Màmá béèrè ìbéèrè tí èmi náà ìbá béèrè: kí ló dé tí wọn kò kàn fún un lóògùn apakòkòrò kí ó máa lò ó? Ìdáhùn rẹ̀ rèé. Ẹran ara tí ó wà láàyè ní ẹ̀jẹ̀ nínú, inú ẹ̀jẹ̀ sì ni àwọn ọmọ-ogun ara wà, òun náà ló ń gbé oògùn kiri. Aṣọ kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Bí kòkòrò bá ti fara lé e, ó máa ń ta ohun yíyọ̀ kan bo ara rẹ̀, bí irú èyí tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ inú àmù omi tí a kò bá fọ̀. Oògùn yóò pa àwọn tí ó wà lójú, àwọn tí ó wà lábẹ́ yíyọ̀ náà yóò máa gbé ibẹ̀ lọ. Bí a bá dá oògùn dúró, wọ́n á tún yọjú.

Bí a bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti rán aṣọ mọ́ iṣan yóò jẹrà, yóò já, ẹ̀jẹ̀ yóò sì tú sínú. Èyí tí ó bá dá ihò sí ìfun burú jù. Aláìsàn lè pọ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, tàbí kí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, lẹ́yìn náà kí ó dáwọ́ dúró, kí àwọn ará ilé máa dúpẹ́ pé ó ti lọ. Ẹ̀yin ará, ìkìlọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yẹn. Èyí tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kì í kéré.

Ibí yìí ni oníṣẹ́ abẹ náà ti wo ojú màmá, tí ó ní: "Màmá, bí wọ́n bá sọ pé kó kọ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n yàn fún un o. Àìṣe náà ní èrè tirẹ̀." Màmá kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀NÀ TÍ WỌ́N Ń GBÀ TẸ́LẸ̀

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà fi gbà pé bí ibì kan bá ti kẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi nǹkan tuntun síbẹ̀. Nítorí náà, wọn yóò yọ aṣọ kíkẹ̀ náà, wọn yóò rán ojú olórí iṣan pa bíi kùkùté, wọn yóò wá fa páìpù aṣọ mìíràn láti ara iṣan tí ó wà nítòsí abíyá, gba abẹ́ awọ ẹ̀gbẹ́ ara wá sí itan, kí ẹsẹ̀ lè rí ẹ̀jẹ̀. Ọgbọ́n ni, ó sì ti gba ẹ̀mí là. Títí dòní, wọ́n ṣì ń lò ó fún àwọn kan.

Ṣùgbọ́n ó ní àléébù mẹ́ta. Èkínní, kùkùté yẹn lè bẹ́ lọ́jọ́ kan, nítorí pé inú ìdọ̀tí ni wọ́n ti rán an, agbára ọkàn sì ń tì í lójoojúmọ́. Èkejì, páìpù tó gba ẹ̀gbẹ́ ara gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú rẹ̀, kí ọ̀ràn sì di ẹsẹ̀ gígé. Ẹ̀kẹta, aṣọ ṣì ni. Ohun tí ó ṣe ti àkọ́kọ́ lè ṣe òun náà. Ó dà bí ẹni tí ó yá owó láti fi san gbèsè.

ÀWỌN ARÁ DALLAS

Ní ìparí àwọn ọdún 1980 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ní yunifásítì ìṣègùn tí ó wà ní Dallas, tí Patrick Clagett jẹ́ aṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lọ́nà mìíràn. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ pé àìlẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ni àìsàn aṣọ, kí ló dé tí a kò fi ohun tí ó wà láàyè rọ́pò rẹ̀? Kí ló dé tí a kò wá a lára aláìsàn fúnra rẹ̀?

Fífi iṣan àbọ̀ ṣe iṣan àlọ kì í ṣe tuntun. Alexis Carrel, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912 nítorí ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ fún rírán iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ti dán an wò lára ẹranko. Ní 1948, ní Paris, Jean Kunlin lo iṣan àbọ̀ láti fi la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀ nínú ẹsẹ̀ tí iṣan àlọ rẹ̀ ti dí. Ṣùgbọ́n iṣan tí gbogbo wọn mọ̀ ni èyí tí ó wà lábẹ́ awọ ẹsẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Dallas fi òun ṣe olórí iṣan inú, ó kéré jù, ó sì ń fún pọ̀. Nígbà tí wọ́n wá lo iṣan ńlá tí ó wà nínú lọ́hùn-ún, tí ó bá egungun itan lọ títí dé ẹ̀yìn orúnkún, ó bá a mu rẹ́gí. Ó fẹ̀, ó lágbára, kò sì fún pọ̀. Ní 1993 ni wọ́n gbé ìwé jáde lórí rẹ̀. Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ní 1995, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Leuven, ní ilẹ̀ Belgium, náà kọ̀wé lórí irú iṣẹ́ kan náà.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: aṣọ àyálò kì í yẹ ni, bí kò fún ni lápá, a ṣo ni, rẹ́gírẹ́gí lohun ẹni ń bá ni mu.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò fi ẹ̀rọ wo iṣan itan méjèèjì, bóyá ó fẹ̀ tó, bóyá ẹ̀jẹ̀ kò dì nínú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ iṣẹ́, ó sábà máa ń jẹ́ ikọ̀ méjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ikọ̀ kan yóò la itan láti òkè dé ẹ̀bá orúnkún, wọn yóò tú iṣan náà jáde, wọn yóò sì di gbogbo ẹ̀ka kéékèèké ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ka kan tí a kò dì dáadáa lè ya ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí náà kò sí ìkánjú níbẹ̀.

Ẹ rántí àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké inú iṣan àbọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń bọ̀ láti ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣí fún; wọn kò ní jẹ́ kí ti òkè kọjá. Nítorí náà, wọn yóò dorí iṣan náà kodò, tàbí kí wọ́n gé àwọn ìlẹ̀kùn náà kúrò. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ni ẹ̀jẹ̀ yóò lọ, wọn yóò rán orí iṣan méjèèjì pọ̀, bí ìgbà tí a bá so ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjì pọ̀ ní ìdí. Màmá yé e kíákíá. Wọ́n fi ọwọ́ ya á lórí tábìlì fún èmi tí n kò mọ aṣọ rán.

Ikọ̀ kejì yóò la ikùn. Wọn yóò dí ẹ̀jẹ̀ olórí iṣan lókè, wọn yóò yọ aṣọ kíkẹ̀ náà tán, wọn yóò gé gbogbo ẹran tí ó ti jẹrà, wọn yóò fọ ibẹ̀, wọn yóò sì rán iṣan tuntun náà sí àyè rẹ̀. Ọ̀rá kan wà nínú ikùn tí ó bo ìfun bí aṣọ ìdábùú. Òun ni wọ́n máa ń fà wá bo ojú rírán náà, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ yìí lè gba odindi ọjọ́ kan. Lẹ́yìn rẹ̀, aláìsàn yóò lo ọjọ́ díẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ara wọn kò yá rárá, yóò sì máa gba oògùn apakòkòrò fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

ẸSẸ̀ Ń KỌ́?

Èyí ni ẹ̀gbọ́n wọn àgbà béèrè, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n sì ni. Bí a bá yọ iṣan àbọ̀ ńlá kúrò ní itan, ibo ni ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ yóò gbà padà?

Oníṣẹ́ abẹ náà dá a lóhùn pé iṣan mìíràn tún wà nínú itan, tí ó jìn ju èyí lọ, tí ó sì bá ẹran itan ṣọ̀rẹ́. Wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun. Àwọn ẹ̀ka kéékèèké kan so ó pọ̀ mọ́ iṣan ẹ̀yìn orúnkún. Bí a bá ti mú ti àkọ́kọ́ kúrò, ẹ̀jẹ̀ yóò yà gba ibẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá dí títì ńlá tí ọkọ̀ sì yà gba títì àtijọ́. Èmi ní tèmi sọ fún màmá ní èdè tí àwa méjèèjì gbọ́ jù: onídùúró ni iṣan kejì yìí. Nígbà tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, ẹnikẹ́ni kò rántí rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹni tí ó dúró fún bá kúrò nílé ni ẹrù já lé e léjìká. Ẹ sì mọ ohun tí òfin wa sọ: a kì í yáni lówó láìsí onídùúró.

Ṣé yóò gbé ẹrù náà láìmí gúlegúle? Rárá. Ẹsẹ̀ máa ń wú, pàápàá ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í pọ̀, ìbọ̀sẹ̀ tí ó fún dáadáa àti gbígbé ẹsẹ̀ sókè sì máa ń ràn án lọ́wọ́. Lára àwọn díẹ̀, ó lè le gan-an lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, débi pé wọn yóò ní láti la ẹran ìsàlẹ̀ orúnkún kí ó lè mí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í rọ nítorí pé a yọ iṣan yìí. Àìrí ẹ̀jẹ̀ láti òkè ló ń pa ẹsẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÁ SỌ ÒÓTỌ́

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń polówó ọjà. Iṣẹ́ abẹ yìí le, ó sì léwu. Àwọn ará Dallas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ìròyìn àwọn aláìsàn 187 tí wọ́n ṣe é fún láàárín 1990 sí 2006, wọn kò sì fi ohunkóhun pa mọ́. Nínú 100, nǹkan bíi 10 kú láàárín oṣù kan. Lẹ́yìn ọdún 5, díẹ̀ ju ìdajì wọn lọ ló wà láàyè, nítorí pé àgbàlagbà ni púpọ̀ nínú wọn, ọkàn wọn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn kò sì lágbára tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí àrùn tún padà sí iṣan tuntun wọn kò pọ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ ni ẹsẹ̀ wọn kò sì di gígé.

Ọ̀nà mìíràn sì wà. Àwọn kan ń lo iṣan òkú tí wọ́n fi yìnyín pa mọ́. Àwọn kan ń rẹ aṣọ tuntun sínú oògùn apakòkòrò kí wọ́n tó rán an sí i. Àwọn mìíràn ń ká awọ tí ó bo ọkàn màlúù, wọ́n ń fi í ṣe páìpù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ya lọ́wọ́ kò lè dúró kí wọ́n máa tú iṣan itan fún wákàtí mélòó kan. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì ní itan rẹ̀ rí lè má ní iṣan tí ó dára. Nítorí náà, ohun ẹni dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní i, tí ó sì ní àkókò, ni ó wà fún jù.

OHUN TÍ MÀMÁ SỌ FÚN ÀBÚRÒ WỌN

Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, ó ti ń lọ sí agogo mẹ́wàá alẹ́. Màmá kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà wọn. Wọ́n pe àbúrò wọn níwájú mi. Wọn kò ní kó gbà, wọn kò ní kó kọ̀. Wọ́n ní, "Bàbá Kékeré, béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ wọn lọ́la. Ṣé iṣan itan rẹ dára tó? Ẹ̀ẹ̀melòó ni àwọn tí yóò ṣe é ti ṣe é rí? Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ni wọn yóò ṣe dípò rẹ̀? Bí o kò bá sì ṣe nǹkan kan rárá, ọjọ́ mélòó lo ní? Nígbà tí o bá gbọ́ ìdáhùn, kí o fọwọ́ sí èyí tí ọkàn rẹ bá gbà. Ara rẹ ni. Àwa yóò máa gbàdúrà." Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ẹ̀gbọ́n àgbà, ìyẹn sì pẹ́ díẹ̀.

Ó fọwọ́ sí i. Ìgbìmọ̀ wa fọwọ́ sí ẹ̀yáwó màmá, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà kò jáde lákòókò, màmá sì dá owó náà padà odindi, wọ́n ní ká fi ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Láàárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n gbé àbúrò wọn wọ tíátà, ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó gbé e jáde. Ó ju oṣù kan lọ kí ó tó kúrò nílé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì wú fún nǹkan bí oṣù márùn-ún. Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, màmá dìde, wọ́n fi fóònù hàn wá. Ó dúró níwájú ilé rẹ̀, ó rù díẹ̀, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé oṣù yìí nìyẹn.

KÍ N TÓ PARÍ

Ẹni tí ó bá ní aṣọ, irin tàbí ohunkóhun tí wọ́n fi sí i lára, kí ó sọ fún gbogbo dókítà tí ó bá ń tọ́jú rẹ̀, títí kan onísègùn eyín. Bí ibà tí kò nídìí bá ń mú un, tí ó ń rù, tí ibi tí wọ́n rán ń sun ọyún, tàbí tí ó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, kí ó má ṣe dúró de ọ̀la. Kí ó má ṣe kó sí oògùn ẹ̀bá ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu sìgá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a jà. Òun ni ọ̀tá olórí iṣan jù lọ. Ẹ máa lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Nọ́ọ̀sì tí ó wà nínú ẹgbẹ́ wa ti ṣèlérí láti máa mú ẹ̀rọ rẹ̀ wá ní ọjọ́ ìdáwó, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ ìkẹyìn ni tèmi gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Nígbà tí mo ń tẹ̀ lé màmá lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí mo ń rò ni pé àwọn ará ilé wọn kò fẹ́ ibi fún ọmọ wọn. Ìfẹ́ ló mú wọn sọ pé kó kọ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ lè pani. Bí ọ̀ràn bá dé, ẹ má ṣe dá a gbé, ẹ má sì ṣe dá a pinnu. Ẹ wá sí ìpàdé. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ẹnì kan á máa wà tí ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ìpàdé wa tí ń bọ̀ yóò wáyé ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹ mú ìwé ìdáwó yín lọ́wọ́ wá. Ire o.

Èmi ni Akọ̀wé yín.